Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò mọ sí kọlẹ́sítíróòlù nìkan: ọ̀rọ̀ fún àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yewa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣùpá Rámádánì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ni yóò jẹ lémọ́mù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wa ni. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé Ìmẹ̀kọ, bí ọkùnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún bá jí ní àárọ̀, tí ó lọ sí oko, tí ó sì ṣubú lulẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ kò ju méjì lọ. Àwọn kan yóò ní ayé ni ó ṣe é. Àwọn mìíràn yóò ní kádàrá ni. Ní ti kádàrá, àwa Mùsùlùmí gbà á gbọ́, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sùn sí àárín títì tí ọkọ̀ sì pa á, kádàrá ni ìyẹn náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí ọmọ rẹ̀ lọ sùn síbẹ̀.

Ẹnì kan tún wà tí ikú rẹ̀ máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Èyí ni ẹni tí ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sọ fún un pé kọlẹ́sítíróòlù rẹ̀ kò ga, tí ó sì fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni pé ó ti gba ìwé ẹ̀rí pé àìsàn ọkàn kò lè mú òun mọ́. Ìwé náà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òtítọ́ tán. Ọ̀rá mìíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí kọlẹ́sítíróòlù, wọ́n sì lè ba iṣan ọkàn jẹ́ nígbà tí iye kọlẹ́sítíróòlù kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Èyí ni ohun tí a fẹ́ kí gbogbo baálé ilé, gbogbo Àlájà tí ń dáná, àti gbogbo lémọ́mù wa mọ̀.

BÍ Ọ̀RÁ ṢE Ń RÌN NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ẹ da epo pupa sínú igbá omi, ẹ ó rí i pé epo náà yóò léfòó. Epo àti omi kì í pò pọ̀. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wa, nítorí náà ọ̀rá kò lè dá rìn nínú rẹ̀ àfi bí ó bá rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹ̀dọ̀ àti ìfun wa ni wọ́n ń kan ọkọ̀ náà. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Inú rẹ̀ ni kọlẹ́sítíróòlù ń wọ̀, inú rẹ̀ náà sì ni ọ̀rá kejì ń wọ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní tiraigílísẹ́ráìdì.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀rá wọ̀nyí jẹ́ ọ̀tá fún wa. Ara ń lo kọlẹ́sítíróòlù láti fi tún ara rẹ̀ kọ́. Tiraigílísẹ́ráìdì sì ni oúnjẹ tí ara ń tọ́jú pamọ́ de ọjọ́ ebi, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sí àká. Ohun tí ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kí ọkọ̀ pọ̀ jù lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìlaròó sí Ọ̀wọdé lọ sí Ìdí-Ìrókò mọ ohun tí a ń wí: bí ọkọ̀ ẹrù bá ti pọ̀ jù, kì í pẹ́ tí ọ̀kan yóò fi yà sínú kòtò, àwọn tí ń bọ̀ yóò sì tò sẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ọkọ̀ ọ̀rá ṣe ń yà wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jáde mọ́. Ara yóò rán àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sí ibẹ̀, ibẹ̀ yóò wú, yóò le, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa fún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí ń gbà, kì í sì í dunni. Ní ọjọ́ tí ibi tí ó wú náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò dì lé e lórí, ọ̀nà yóò dí, apá ọkàn tí iṣan náà ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí ni ìkọlù ọkàn. Bí ó bá jẹ́ iṣan ọpọlọ ni ó dí, rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Olè tí ó ti wà nínú oko láti ogún ọdún ni ènìyàn ń rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí ó ní ayé ni.

WÍWỌN ẸRÙ YÀTỌ̀ SÍ KÍKA ỌKỌ̀

Àyẹ̀wò kọlẹ́sítíróòlù tí ó wọ́pọ̀ ń wọn ẹrù ni. Kì í ka ọkọ̀. Bí ọgọ́rùn-ún àpò ìrẹsì bá fẹ́ dé Ayétòrò, ọkọ̀ ńlá kan lè kó gbogbo rẹ̀, ogún ọkọ̀ kékeré sì lè pín in kó. Ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n ogún ọkọ̀ lè yà sí kòtò ju ọkọ̀ kan lọ. Àwọn ènìyàn wà tí ẹrù kọlẹ́sítíróòlù wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ kéékèèké tí kò lóǹkà ni ó ń kó o kiri inú ara wọn. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tí ikùn wọn tóbi, lára àwọn alátọ̀gbẹ, àti lára àwọn tí tiraigílísẹ́ráìdì wọn ga.

Báwo ni a ṣe lè ka ọkọ̀? Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó lè ṣe iṣan ní ìjàǹbá ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lára, gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ṣe ní. Orúkọ nọ́ńbà náà ni ApoB. Ọ̀kan ni ó wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe méjì, nítorí náà yàrá àyẹ̀wò tí ó bá wọn ApoB ti ka iye ọkọ̀ tán. Ní ọdún 2004, Salim Yusuf, oníṣègùn ọkàn tí a bí ní Íńdíà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí ńlá kan jáde tí a ń pè ní INTERHEART. Orílẹ̀-èdè 52 ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n fi ènìyàn 15,152 tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wé 14,820 tí kò ṣe. Ohun mẹ́sàn-án ni wọ́n rí pé ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àìsàn náà káàkiri ayé. Méjì tí ó lágbára jù nínú wọn ni sìgá mímu, àti kí ApoB pọ̀ ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ, èyí tí ó wà lára ọkọ̀ rere tí ń palẹ̀ ọ̀rá mọ́ kúrò lára iṣan. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ikùn ńlá náà wà nínú mẹ́sàn-án yìí.

Kí orúkọ ApoB má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ìṣirò kan wà tí ó sún mọ́ ọn, tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Lórí ìwé àyẹ̀wò, ẹ ó rí iye gbogbo kọlẹ́sítíróòlù, ẹ ó sì rí iye kan tí wọ́n kọ HDL sí. HDL ni ọkọ̀ rere tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ HDL kúrò nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó bá kù ni ẹrù gbogbo ọkọ̀ tí ó lè ṣe ìjàǹbá. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dára kí ó má tó 130, tàbí 3.4 bí yàrá àyẹ̀wò náà bá ń lo ìwọ̀n mmol/L.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní ìwé Àlájì kan sọ pé gbogbo kọlẹ́sítíróòlù rẹ̀ jẹ́ 190. Wọ́n ti máa ń sọ pé ohun tí kò bá tó 200 dára, nítorí náà inú Àlájì yóò dùn. Ṣùgbọ́n HDL rẹ̀ jẹ́ 35, ó kéré fún ọkùnrin, nítorí pé ó yẹ kí ó tó 40 ó kéré tán. Tiraigílísẹ́ráìdì rẹ̀ sì jẹ́ 210. Bí a bá yọ 35 kúrò nínú 190, ó ku 155. Ó ti kọjá 130. Ìwé tí Àlájì fi ń dúpẹ́, ìwé tí ó yẹ kí ó gbé tọ dókítà lọ ni.

ỌTÍ KỌ́ NÌKAN, ṢÚGÀ NÁÀ WÀ ŃBẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo tiraigílísẹ́ráìdì fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣe àyẹ̀wò láìjẹun, ìwọ̀n tí ó dára ni kí ó má tó 150, èyí tí í ṣe 1.7 ní mmol/L. Bí ó bá kọjá 500, tí í ṣe 5.6, ewu mìíràn tún wọlé: ẹ̀yà ara kan tí ó wà lẹ́yìn àpòlúkù lè dédé wú, kí inú rírun rẹ̀ sì gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn ní òru. Ohun tí ń gbé tiraigílísẹ́ráìdì sókè ni ọtí, ṣúgà, oúnjẹ onísítáàṣì tí ó pọ̀ jù, sísanra, àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú, àti àìsàn kíndìnrín.

Àwa Mùsùlùmí yóò sọ pé a kò mu ọtí. Alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ṣúgà. Ṣúgà tí ara kò bá rí lò, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di tiraigílísẹ́ráìdì, yóò sì kó o sínú ọkọ̀ ránṣẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgò mínírà 50cl kan lè ní ṣúgà tí ó ju ṣíbí ìro-tíì mẹ́wàá lọ. Mọ́ọ̀tì tí a ń pín níbi wòlímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ nítorí pé kì í ṣe ọtí, òun náà kún fún ṣúgà. Sóbò tí a fi ìrèké tàbí ṣúgà dùn títí kò yàtọ̀.

Ẹ wo tábìlì ìṣínu wa nínú Rámádánì. A ti gbààwẹ̀ fún wákàtí mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rá tí ó ti tọ́jú pamọ́. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, a ó fi dàbínù ṣínu gẹ́gẹ́ bí sunna. Ó dára. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni ọ̀gì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, àkàrà tí a fi epo ọjọ́ mẹ́ta dín, búrẹ́dì funfun, mínírà tútù, àti lẹ́yìn àṣàmù, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà òkìtì. Ohun tí ọ̀sán gbé kúrò, alẹ́ ti dá a padà pẹ̀lú èlé. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń sanra nínú oṣù ààwẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa ènìyàn dúdú. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé tiraigílísẹ́ráìdì àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sábà máa ń kéré sí ti òyìnbó, kódà nígbà tí ara wọn ti ń gbọ́ ìlò ṣúgà kù, tí àtọ̀gbẹ ti ń bọ̀ lọ́nà. Nítorí náà, kí ẹni tí tirẹ̀ kò ga má ṣe sọ pé òun ti bọ́. Bí tirẹ̀ bá sì ga, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

ÈYÍ TÍ A JOGÚN

Ẹ̀kẹta nínú àwọn ọ̀rá yìí ni a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwa gan-an ni ó kàn jù. Ní ọdún 1963, oníṣègùn ará Nọ́wè kan, Kåre Berg, rí irú ọkọ̀ ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Wọ́n ń pè é ní Lp(a). Ó jọ ọkọ̀ kọlẹ́sítíróòlù lásán, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé wọ́n so ìwọ̀ kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń ba ògiri iṣan jẹ́, ó sì lè mú kí ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn le, kí ó má lè ṣí dáadáa.

Ohun tí ó mú Lp(a) yàtọ̀ ni pé oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e sókè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e wálẹ̀. Ìran ni ó ń tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in ní púpọ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ọmọ náà ní in. Ẹni tí ó tín-ín-rín, tí kò jẹ ẹran ọlọ́ràá, tí kò mu sìgá, tí ó ń rìn lọ sí oko lójoojúmọ́, lè ní in. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn márùn-ún káàkiri ayé ni tirẹ̀ kọjá 50 mg/dL, ìwọ̀n tí a kà sí èyí tí ó ga.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 2019, àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí INTERHEART wo Lp(a) láàárín ẹ̀yà oríṣiríṣi. Ti àwọn ọmọ Áfíríkà ni ó ga jùlọ, ti àwọn ará Ṣáínà ni ó kéré jùlọ. Àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé bí tiwa tilẹ̀ ga, kò ṣe wá ní ibi bí ó ti ń ṣe òyìnbó. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn dúdú tí ó lé ní 3,000 àti òyìnbó tí ó lé ní 9,000 fún nǹkan bí ogún ọdún nínú ìwádìí tí a ń pè ní ARIC. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2012, wọ́n rí i pé bí Lp(a) ṣe ń ga ni àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ sí i, lára dúdú àti lára funfun.

Ẹ jẹ́ kí a ronú lé èyí lórí. Bí ilé kan bá wà ní Ìgbógìlà tàbí ní Ayétòrò, tí bàbá kú lójijì ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tí ẹ̀gbọ́n kú bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí àbúrò sì ní rọpárọsẹ̀, kí ni àwọn aládùúgbò yóò sọ? Wọn yóò ní wọ́n ti fi ilé náà bú. Wọn yóò máa fura sí ìyàwó, wọn yóò máa fura sí arúgbó tí ó wà ní igun ilé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀rá kan tí wọ́n jogún ni, tí wọ́n ìbá fi ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan mọ̀. Arúgbó tí a sì fi ẹ̀sùn kàn, ẹ̀ṣẹ̀ ta ni yóò jẹ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀?

WỌ́N TI Ń SỌ PÉ KÌ Í ṢE ÀÌSÀN TIWA

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, àwọn dókítà ìgbà náà ń sọ pé ìkọlù ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà. Òtítọ́ ni wọ́n sọ nígbà náà. Àwọn bàbá wa ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí oko, wọ́n ń jẹ láfún, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja, ẹran kì í sì í pọ̀ lọ́bẹ̀ àfi ní ọjọ́ ọdún. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn Yorùbá àgbàlagbà ní Ìbàdàn wé àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n wà ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Kọlẹ́sítíróòlù àwọn ti Ìbàdàn kéré ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Ìran kan náà ni Áfíríkà bí wọn, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé wọn kò jọra.

Nísinsìnyí, Indianapolis ti ń wá bá wa nílé. Ọ̀kadà ti gba ìrìn ẹsẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kò sí abúlé tí mínírà kò dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣì ń fa àìsàn ọkàn jù ní ilẹ̀ wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń lu ògiri iṣan, ọ̀rá sì ń gba ojú ọgbẹ́ náà wọlé.

ẸRÙ ẸNUBODÈ

Àwa tí a wà ní ẹnubodè ní ọ̀rọ̀ tiwa lọ́tọ̀. Ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ti Ìdí-Ìrókò kò sì rí ìyọ̀ǹda ṣíṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Síbẹ̀, gbogbo ará Yewa ni ó mọ̀ pé ọ̀nà igbó kò tì. Òfin ti de adìẹ àti tòlótòló dídì tí ó ń ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ó ń gba Kútọnu wọlé. Ìdí tòlótòló, tí àwọn tí ó sìn ín kì í fẹ́ jẹ, ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ ni ó fani mọ́ra.

Ẹ wo ti epo pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sára ike òróró pé kò sí kọlẹ́sítíróòlù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí òróró kankan tí a fún lára igi tàbí èso tí kọlẹ́sítíróòlù wà nínú rẹ̀. Ara ẹran ni kọlẹ́sítíróòlù ti ń wá. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni irú ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá epo ọ̀pẹ jẹ́ irú èyí tí ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fi ọkọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ti òróró ẹ̀pà kò tó bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ epo mọ́, nítorí kí ni Yorùbá yóò fi se ọbẹ̀? A ní kí a dín in kù, kí a má sì dín àkàrà tàbí ẹja nínú epo kan náà ní ìgbà mẹ́rin, márùn-ún.

Ọ̀rá mìíràn wà tí ó burú ju gbogbo wọn lọ, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sọ òróró di èyí tí ó dì. Ó ń gbé ọ̀rá búburú sókè, ó sì ń gbé HDL wálẹ̀. Ó lè wà nínú irú bọ́tà tí a fi ń ṣe kéèkì àti nínú àwọn ìpápánu. Òfin tí NAFDAC gbé jáde ní ọdún 2022 sọ pé kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá oúnjẹ. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ọjà tí ó gba ọ̀nà igbó wọlé, ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò?

KÍ NI KÍ A ṢE?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìmọ̀ òyìnbó lásán ni èyí. Oníṣègùn Mùsùlùmí kan, Ibn al-Nafis, tí ó kú ní Káírò ní ọdún 1288, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń ti apá ọ̀tún ọkàn gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá lọ sí apá òsì, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ará Yúróòpù tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí yóò sì kú, ó fi ilé àti àwọn ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìwòsàn. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé kí a máa wá ìwòsàn, kí a má sì máa jẹun kún inú. Ara yìí, àmọ̀nà ni Ọlọ́hun fi sí wa lọ́wọ́.

Èkíní, kí ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún lọ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní kíkún, kì í ṣe kọlẹ́sítíróòlù nìkan, kí ó sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni tí ó jẹ́ alátọ̀gbẹ, tàbí tí òbí rẹ̀ kú lójijì, má ṣe dúró de ogójì. Bí ó bá di pé kí a gbààwẹ̀ fún àyẹ̀wò náà, ta ni ó mọ̀ ọ́n gbà bí àwa? Ẹni tí ń gbààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ lè lọ ní ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fà fún àyẹ̀wò kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe iyèméjì, kí ó bi àlùfáà rẹ̀.

Èkejì, kí a béèrè Lp(a) lẹ́ẹ̀kan ní ìgbésí ayé wa, pàápàá bí ikú òjijì bá wà nínú ìdílé. Kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ni ó ń ṣe é. Kí a bi dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaròó, tàbí ní Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta, ibi tí a ti lè rí i. Bí ó bá ga, kí àwọn ọmọ àti àbúrò náà lọ wò ó. Títí di ọdún 2025, wọ́n ṣì ń dán àwọn oògùn tí yóò gbé e wálẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹni tí ọ̀tá kan wà nínú ilé rẹ̀ tí kò lè lé jáde, kí ó lé àwọn yòókù: ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá, ṣúgà, àti ọkọ̀ kọlẹ́sítíróòlù. Oògùn tí a ń pè ní sitátínì ń dín ọkọ̀ wọ̀nyí kù gidigidi. Ẹni tí dókítà bá fún, kí ó má ṣe fi sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, kí ó má sì fi àgbo pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a tún tábìlì wa ṣe. Kí dàbínù mẹ́ta àti omi ṣáájú, kí ṣúgà inú ọ̀gì dín kù, kí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ẹ̀bà lọ. Títù àti ṣáwà tí a ń rà ní ọjà, ọ̀rá inú wọn dára fún ọkàn, bí a kò bá ti dín wọn gbẹ nínú epo. Ní ọjọ́ Iléyá, kí a gé ọ̀rá ara àgbò kúrò, kí a sì pín ẹran náà bí ẹ̀sìn ti wí, kí a má fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ohun tí ó tó oṣù kan. Kí a máa rìn kánkán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Ìrun dára fún ara, ṣùgbọ́n kò dípò ìrìn. Ẹni tí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ kò jìnnà, kí ó fi ọ̀kadà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí àyà bá dédé ń dun ènìyàn bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a má dúró kí ìrun Jímọ̀ parí, kí a má kọ́kọ́ lọ sí ilé awo. Kíá ni apá ọkàn náà ń kú, ohun tí ó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kan àwọn ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ àsàláátù tí ó bá lè dá owó aṣọ ẹbí lè dá owó àyẹ̀wò fún ẹgbẹ́. Mọ́ṣáláṣí tí ó ní gbohùngbohùn lè pe nọ́ọ̀sì wá kí ó bá jàmáà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò fi sàráà sí, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó wà tí owó oògùn oṣù kan ni ó ń dí wọn lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun fi wá sílẹ̀ pẹ́ nínú ìlera, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti ṣọ́ ohun tí ó fi fún wa. Àmín.